Ta Ló Rán Ọ Níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Script Tí A Pè Láti Terminal àti Èyí Tí Server Pè

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ kò gùn nínú ìwé, àmọ́ ó ti ná èmi gan-an lówó. Màá sọ bó ṣe ná mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń bá ọmọ forúkọ sílẹ̀, lẹ́bàá títì ní Àkùngbá níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ni ìsọ̀ bá a tẹ bọ́tìnnì. Ó ń yí, ó ń yí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" "Ó ti hang ni." Ó tún un tẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ńkọ́, níbo ló wọlé sí?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí.

Kí ni à ń pè ní script? Ìwé iṣẹ́ ni. Bí ìyá ṣe máa ń kọ ohun tí ọmọ yóò rà lọ́jà sínú tákàdá, kí ọmọ máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ àṣẹ sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e. Ọ̀nà méjì la fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ ọ̀hún. O lè ṣí terminal, fèrèsé dúdú yẹn, kí o tẹ php, èdè tí a fi kọ script náà, àti orúkọ fáìlì, kí o tẹ Enter. Tàbí kí ẹnì kan tí o kò mọ̀ rí, bóyá ó wà ní Ìkàrẹ́, bóyá ó wà ní Jámánì, ṣí browser lórí fóònù rẹ̀, kó kọ àdírẹ́sì, kí server gbọ́, kí server wá lọ jí script dìde. Fáìlì kan náà ni. Lẹ́tà kan kò yí padà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà kọ́.

Ẹni tó bá ti dé ààfin rí mọ̀ pé àlejò kì í dédé bá kábíyèsí sọ̀rọ̀. Ẹmẹsẹ̀ ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun ló ń gbé e wọlé, òun náà ló ń mú èsì jáde. Àmọ́ ọmọ ọba tí wọ́n bí sínú ilé, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Á bá bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, á sọ tẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló ń wá. Server, ì báà jẹ́ Apache tó jáde lọ́dún 1995, ì báà jẹ́ nginx tí Igor Sysoev gbé jáde lọ́dún 2004, ẹmẹsẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni. Terminal ni ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń kọ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ẹ̀rọ tó dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀: o tẹ̀ ẹ́, ó tẹ èsì sórí bébà. Ọdún 1993 ni àwọn ọmọ NCSA ní Illinois wá ṣe àdéhùn kan tí wọ́n pè ní CGI, kí server lè máa pe script, kó sì máa gbé ohun tí script bá sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn browser. Rasmus Lerdorf gba ojú ọ̀nà yẹn lọ́dún 1994 láti kọ àwọn irinṣẹ́ kéékèèké fún ojú ìwé tirẹ̀, ó fi wọ́n síta ní 1995, ohun tí à ń pè ní PHP lónìí nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n bí PHP sí. Python tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, inú ilé ni wọ́n bí i sí, ìgbà tó dàgbà ló wá jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún 1999 tí yunifásítì wa kó kúrò ní Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá níbí, PHP kò tíì ní ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní terminal, ẹ̀dà ti CGI náà ló máa lò, á sì máa fi -q tì í, kí ó má baà máa kí i bí ẹni pé browser ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìparí ọdún 2002, nígbà tí PHP 4.3.0 jáde, ni ẹ̀dà tó jẹ́ ti terminal tó gba orúkọ gidi. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í bá akẹ́kọ̀ọ́ wí bó bá rò pé PHP kò lè ṣiṣẹ́ láìsí XAMPP tó ń gbé server sórí láptọ́ọ̀pù ẹni àti localhost tó jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe bí PHP fúnra rẹ̀ sì nìyẹn.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n bá wọn kọ ètò tí yóò máa pín èrè ọdún. Iṣẹ́ náà kò le: ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ṣírò ìpín rẹ̀, kọ ọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀, fi SMS ránṣẹ́ sí i, ṣe rìsíìtì, kó o lọ sórí orúkọ tó kàn. Mo fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan sójú ìwé, mo kọ "Pín Èrè" sí i lára. Mo fi orúkọ mẹ́wàá dán an wò nílé, ó lọ fìn-ín. Ọjọ́ tí a fẹ́ pín in gan-an, orúkọ tó wà nílẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ń yí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan géérégé, ojú browser funfun báláú, ó kọ 504 Gateway Time-out. Mo ní network ni. Mo tún un tẹ̀. 504. Mo lọ mu omi, mo padà wá, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìrọ̀lẹ́ ni màmá tó jẹ́ akápò pè mí. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ fún mi lówó yìí ni àbí Ọlọ́run? SMS mẹ́ta ló wọlé sí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó nínú."

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹmẹsẹ̀ ní ibi tí sùúrù rẹ̀ mọ. Bí nginx ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìṣẹ́jú àáyá 60 ló máa dúró de PHP. Bí kò bá gbọ́ ohùn kankan, á jáde lọ sọ fún àlejò pé kò sí èsì. Ìyẹn ni 504 tí mo rí. Àmọ́ ẹmẹsẹ̀ kò padà wọlé lọ sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Script àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ilé, ó ń pín owó lọ ní tirẹ̀. Bí mo ṣe tún bọ́tìnnì tẹ̀, script kejì dìde, òun náà bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ kìíní. Ìkẹta bá wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn lórí orúkọ kan náà, bíi mẹ́ta nínú àwọn ọmọ yín tí ẹ rán lọ ra iyọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ̀ nípa èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí máa bi mí pé, "PHP fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà?" Òótọ́ ni. Àmọ́ lórí Linux, ìgbà tí script ń làágùn fúnra rẹ̀ nìkan ni PHP ń kà. Bó bá jókòó ti database, tàbí ó ń dúró de network SMS, wọn kò ka ìyẹn mọ́ ọn. Script mi kì í làágùn, jíjókòó ló ń jókòó. Ní terminal, ìwọ̀n yẹn jẹ́ 0, èyí ni pé kò sí ìwọ̀n rárá. Bó bá wu script kó ṣiṣẹ́ di ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa lé e.

A lọ ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n dá owó tó lé padà. Ọ̀pọ̀ dá a padà. Ẹni mẹ́ta ní àwọn ti ná an. Èmi ni mo san án.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ti gbọ́n. Mo yọ bọ́tìnnì kúrò, mo wọ server láti terminal, mo fi sudo pe script, ó sì parí iṣẹ́ láàárín ogójì ìṣẹ́jú láìsí wàhálà. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ ẹgbẹ́ kan tún orúkọ rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ gba rìsíìtì tuntun lórí fóònù rẹ̀. Permission denied. Mo wò ó títí, ojú mi pọ́n. Àṣé ẹni tó dá fódà rìsíìtì ọdún yẹn sílẹ̀ ni root, ọ̀gá àgbà inú kọ̀ǹpútà, nítorí sudo tí mo fi pe script, orúkọ root ló ń lò. Server kì í sì í ṣe root. Lórí Ubuntu àti Debian, www-data ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ lásán tí wọn kò fún ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ ọba ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ti yàrá kan pa, ó gbàgbé pé ẹmẹsẹ̀ náà níṣẹ́ ní yàrá yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ pe irú script bẹ́ẹ̀, sudo -u www-data ni mo ń tẹ̀, kí fáìlì lè máa jẹ́ orúkọ ẹni tó máa lò ó.

Ohun mìíràn tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú ni ibi tí script dúró sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, server á gbé e lọ sínú fódà tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní terminal, ibi tí ìwọ bá dúró sí ni òun náà dúró sí. Bí script bá fẹ́ ka fáìlì kan, tó sì kọ orúkọ rẹ̀ lásán, tí ìwọ sì pe script láti fódà mìíràn, á ní òun kò rí i. Cron tó ń jí script ní ọ̀gànjọ́ òru máa ń bẹ̀rẹ̀ láti fódà ilé ẹni tó ni ín, ìdí nìyẹn tí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án fi ń kú lóru. Ẹ kọ __DIR__ síwájú orúkọ fáìlì, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ sì rántí pé ìwé òfin PHP kì í ṣe ẹyọ kan: lórí Ubuntu, php.ini kan wà nínú fódà cli, òmíràn wà nínú apache2 tàbí fpm. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan tún èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣe.

Terminal náà ní ikú tirẹ̀, ẹ̀yin ará Àkókó sì mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. O ti wọ server tó wà lókè òkun, script ń lọ, iná lọ, rọ́tà kú. Bí okùn yẹn bá ti já, server á rán ohun tí wọ́n ń pè ní hangup sí script, á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ o: láti ayé tí wọ́n ti ń fi wáyà tẹlifóònù wọ kọ̀ǹpútà ni, tí ẹnì kan gbé fóònù kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gígùn, ẹ fi nohup ṣíwájú àṣẹ yín, tàbí kí ẹ ṣí tmux kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iná lè lọ, kó dé lọ́la, ẹ ó bá iṣẹ́ níbi tó dé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ olè, nítorí ibi tí ẹnu ọ̀nà ti pàdé ẹ̀yìnkùlé ni olè fẹ́ràn jù.

Ní January 2012, àwọn ọmọ Họ́láǹdì kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Eindbazen wà nínú ìdíje àwọn tó ń já kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àmì ìbéèrè sí ìdí àdírẹ́sì ojú ìwé PHP tó ń lo CGI, tó wá kọ -s sí i, ojú ìwé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́: gbogbo ohun tí a kọ sínú script náà ló máa tú síta, ọ̀rọ̀ aṣínà database àti gbogbo rẹ̀. Kí ló fà á? Ní terminal, -s jẹ́ àṣẹ fún PHP pé kó fi ìwé hàn láì ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀. Àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ èdè ọmọ inú ilé, ẹmẹsẹ̀ sì gbé e wọlé bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò náà ti wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ. Oṣù May ọdún yẹn ni gbogbo ayé gbọ́, àtúnṣe tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò sì dí i tán, wọ́n ní láti tún un dí kí 5.3.13 àti 5.4.3 tó jáde.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ihò kan náà tún là ní 2024. Ní June ọdún yẹn, Orange Tsai, ọmọ Taiwan, fi hàn pé lórí Windows, àmì kan wà tí kì í ṣe ìlà kékeré tó ṣáájú s nínú -s rárá, àmọ́ tí Windows máa ń sọ di ìlà kí ó tó gbé e fún PHP. Aṣọ́nà ń wo ìlà, olè fi ohun tó jọ ìlà kọjá. Windows tí a tò sí èdè Ṣáínà àti ti Japan ni wọ́n fi dán an wò tó ṣẹ, bí a bá sì fi XAMPP sórí irú Windows bẹ́ẹ̀ láì tún nǹkan kan ṣe, ó ti là sílẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé English ni Windows yín. Mo tún mọ ọjọ́ orí XAMPP tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yín, nítorí fíláàṣì kan náà ni gbogbo kíláàsì fi ń gbà á.

Ihò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Shellshock burú ju ìwọ̀nyí lọ. Bash, èdè terminal tí Brian Fox kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tó wà láyìíká rẹ̀ nígbà tó bá jí. CGI sì máa ń kó ohun tí browser bá sọ nípa ara rẹ̀ sí àyíká yẹn gan-an. Stéphane Chazelas rí i ní September 2014 pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ìrísí kan, bash kò ní kàn kà á lásán, á ṣe é. Ẹ wo bí ó ti rí: wọ́n ní kí browser sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ àṣẹ dípò orúkọ, wọ́n sì mú àṣẹ ṣẹ nínú ilé.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti PHPUnit, irinṣẹ́ tí Sebastian Bergmann kọ fún àwọn tó ń dán ètò wò. Fáìlì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka ohun tí wọ́n bá fún un, tó sì ń ṣe é bí PHP. Inú ilé nìkan ló yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ wọ́n kọ php://input sínú rẹ̀ dípò php://stdin. Stdin ni ohun tí ọmọ ilé tẹ̀ ní terminal. Input ni ohun tí àlejò gbé wá sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá kó fódà vendor, níbi tí PHPUnit máa ń wà, sí ibi tí browser lè dé ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sórí ẹnu ọ̀nà. Ọdún 2017 ni wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe, síbẹ̀ àwọn olè ṣì ń kan ìlẹ̀kùn yẹn lórí ayélujára títí di òní.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ má kórìíra browser. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò lè máa wọ server láti terminal, kò sì yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe níkẹyìn ni mo kọ́ lọ́wọ́ télọ̀ mi. Bí ẹ bá gbé aṣọ fún télọ̀, kì í ní kí ẹ dúró níwájú ẹ̀rọ títí yóò fi rán an tán. Á wọ̀n yín, á kọ orúkọ yín sínú ìwé, á fún yín lọ́jọ́. Mo dá bọ́tìnnì "Pín Èrè" padà. Akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́, ìlà kan ṣoṣo ni yóò wọ inú database: pé ẹgbẹ́ fẹ́ pín èrè ọdún báyìí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, browser á dá a lóhùn pé, "A ti gbọ́." Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́. Nínú ilé, cron á jí script kejì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú orúkọ www-data. Script náà á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí kí òmíràn má baà wọlé bá a, á pín owó, á sì fi àmì sí iwájú ẹni tó ti gbà. Ìlà méjì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ PHP_SAPI bóyá cli, ìyẹn ẹ̀yìnkùlé, ló pè é. Bí kì í bá ṣe cli, ó ń jáde láì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní láptọ́ọ̀pù, ẹ má jókòó máa wòran. Ẹ fi Termux sórí fóònù Android yín, ẹ tẹ pkg install php, ẹ ti ní terminal nìyẹn. Ẹ tẹ php -S localhost:8000, ẹ ti ní server náà. Ẹ kọ script kan tó ń kọ PHP_SAPI àti ibi tó dúró sí. Ẹ pè é lọ́nà méjèèjì, kí ẹ wo ohun tó máa yí padà lójú ara yín.

Àmọ́ kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ lọ ṣí fódà htdocs yín lálẹ́ òní, tàbí public_html bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ wo fáìlì tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yẹ kí àlejò pè, ẹ kó o kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sùn.